Mo ti rí ìwé àlàyé Bíbélì tí mò ń wá

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì o. Ìbéèrè mi ni pé níbo ni mo ti lè rí àwọn ìwé àlàyé Bíbélì àtijọ́ kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Ẹni tó ní kí n lọ wo Christian Classics Ethereal Library, ìkànnì ìwé Kristẹni àtijọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Ọlọ́run á bù kún yín. Ibẹ̀ ni mo ti bá ìwé àlàyé Matthew Henry àti ti John Calvin. Henry kú ní 1714 láìparí iṣẹ́ náà. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ló bá a dé, àwọn òjíṣẹ́ mìíràn ló kọ ti Róòmù títí dé Ìfihàn. Èmi tí mo ti ń rò pé òun nìkan ló kọ gbogbo rẹ̀!

Internet Archive, ìkànnì ìwé mìíràn, náà dára, àmọ́ ó gba sùúrù. Àwòrán ojú ìwé ló pọ̀ níbẹ̀, bí ẹ bá sì fẹ́ da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ, lẹ́tà Gíríìkì àti Hébérù sábà máa ń dàrú. Ẹ wo nọ́ńbà ìdìpọ̀ dáadáa kí ẹ tó gbà á sílẹ̀ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé ìdìpọ̀ kẹta, tí mo ṣebí ìkíní ni.

Ẹ̀rù tiẹ̀ ń bà mí tẹ́lẹ̀ pé olè ni mò ń jà. Rárá o, ẹ̀tọ́ oníwèé lórí àwọn ìwé àtijọ́ yìí ti parí tipẹ́.

e-Sword, ètò kọ̀ǹpútà fún kíka Bíbélì, ti wà lórí kọ̀ǹpútà mi báyìí, ọ̀fẹ́ lòun náà. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.