Abala graphene méjì: kí ni yíyí rẹ̀ díẹ̀ ń ṣe sí iná?

Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà pé ní 2018, Pablo Jarillo-Herrero àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, gbé abala graphene kan (kábọ́nù tí nínípọn rẹ̀ kò ju átọ́ọ̀mù kan lọ) lé èkejì, wọ́n yí i ní dígírì 1.1, iná mànàmáná sì ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà rárá. Kí ló dé tí yíyí kékeré bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì?

Olùkọ́ fisíìsì, Oǹdó: Ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kan lé òmíràn níwájú fèrèsé, kí ẹ yí ti òkè díẹ̀díẹ̀, ẹ óò rí i tí àwọn ojú ńláńlá yóò yọ, èyí tí kò sí nínú ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí níhìn-ín. Ní nǹkan bí dígírì 1.1, tí àwọn onímọ̀ fisíìsì Bistritzer àti MacDonald ti fi ìṣirò rí ní 2011, eré àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn ohun tíntìntín tó ń gbé iná, a rọlẹ̀ débi pé bí wọ́n ṣe ń ti ara wọn ni yóò wá máa darí gbogbo nǹkan.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́: Ẹ ṣeun, sà. Ìbádọ́gba tí wọ́n ní ó ń já nínú rẹ̀, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń rí bákan náà nígbà tí a bá yí i, ńkọ́?

Onímọ̀ ẹ̀rọ, Àkúrẹ́: Bí a bá yí àwòrán àwọn ojú ńláńlá náà ní ìdá kan nínú mẹ́ta òbìrí, kò ní yàtọ̀; síbẹ̀ àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lè yan ìhà kan láàyò, kí iná sì rọrùn láti gba ibẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Kí iná tó lè kọjá láìsí ìdènà, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ so pọ̀ ní méjì-méjì; ohun tó ń so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé lórí. Ẹ má sì gbàgbé òtútù: nǹkan bí 1.7 kelvin ni iná ti ń kọjá láìsí ìdènà, ó lé ní dígírì 271 nísàlẹ̀ òdo, kò sí firísà ẹlẹ́ja kankan ní Ọjà Ọba tó lè súnmọ́ ọn.