Dókítà ẹran gún màlúù wa lábẹ́rẹ́, ó gbowó, ó lọ. Ṣé wọ́n ti lù wá ní jìbìtì ni?

OmoAgege: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn wa. Màlúù 11 ni bàbá mi ń sìn lápá Agége níbí, wàrà la ń tà. Oṣù tó kọjá oyún wálẹ̀ lára ọ̀kan, òmíì ń wúkọ́ ó sì ń rù. A pe dókítà ẹran, ó dé ní Mọ́ńdè, ó fá irun ọrùn wọn lójú méjì méjì, ó wọn awọ ibẹ̀, ó gún wọn lábẹ́rẹ́ kín-ń-kín, ó tún fa ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn, ó gbowó, ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Kò fún wọn lóògùn kankan o! Bàbá mi ní ká yáa ta eléyìí tó ń wúkọ́ kó tó kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Alapata_OkoOba: Má tà á o, jọ̀ọ́. Èmi tí mò ń pa ẹran l'Óko-Ọba, mo ti rí fùkù tí kókó kún bámú, tóo bá fọ̀bẹ là á ohun tó wà ńnú ẹ̀ dà bíi wàrà tí wọ́n fún gbẹ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Tó bá ti tàn ká ara ẹran, odidi màlúù ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ dà nù, owó ẹ ti wọgbó nìyẹn.

Feti_Yaba: Kò lù yín ní jìbìtì. Àyẹ̀wò ló ṣe, kì í ṣe ìtọ́jú. Ti ọrùn yẹn, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń wá. Tuberculin, èròjà tí wọ́n yọ lára kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ló gún síbẹ̀, oríṣi méjì, ọ̀kan ti màlúù ọ̀kan ti ẹyẹ, torí àwọn kòkòrò míì wà tó jọ ọ́ tó lè tanni jẹ. Tí àrùn yẹn bá wà lára ẹ̀, ojú ibi tó gún ti màlúù sí á wú ju ti ẹyẹ lọ. Wákàtí 72 ló fi ń kà á, Tọ́sìdeè ló ń bọ̀ o, mo mọ̀ pé bàbá ti ka Mọ́ńdè mọ́ ọn tí wọ́n ń retí ẹ̀ ní Wẹ́sìdeè lol. Ẹ má lọ pe ẹlòmíì kó wá tún un gún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, awọ yẹn ò ní dáhùn dáadáa mọ́ àfi tí ọjọ́ 42 bá kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tó fà, brucellosis nìyẹn, àrùn màlúù kan tó máa ń ran èèyàn, òun náà máa ń mú oyún wálẹ̀. Wọ́n á pò ó mọ́ oògùn kan tó pọ́ńkì, tó bá dì láàárín ìṣẹ́jú 4, ẹ̀rí ńlá ni, àfi tí wọ́n bá ti gba àjẹsára ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ló kó oyún tó wálẹ̀ yẹn?

OmoAgege: Èmi ni, ọwọ́ lásán. Họ́wù, ibà ti ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀ o, mo ti lo oògùn maléríà, mo ti lo ti táífọ́ọ̀dù, oríkèé ṣì ń ro mí.

Feti_Yaba: Ọsibítù lónìí! Kóo sì sọ fún wọn pé o fọwọ́ kan oyún màlúù, tóo bá dákẹ́, maléríà náà ni wọ́n máa tún kọ fún ẹ.

IyaOniwara: Ẹ gbà mí o, wàrà wo lẹ ti ń tà fún wa? Èyí tí wọ́n sè kò bà mí lẹ́rù, nónò tútù yẹn ńkọ́?

Feti_Yaba: Ẹ sè é kó hó, mà.

OmoAgege: Tọ́sìdeè rèé, ó dé lóòótọ́. Eléyìí tó ń wúkọ́, ọrùn ẹ̀ wú. Ti ìyẹn ò tiẹ̀ yà wá lẹ́nu, àmọ́ abo pupa tó sanra jù, tí bàbá ń fi yangàn fún àlejò, tiẹ̀ tún wú jù. Bàbá ò sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ tèmi náà, mò ń retí.