Ó ti yanjú: sáfà XMPP tó ń já ìsopọ̀ sílẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ó ti yanjú. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: sáfà XMPP (ìlànà fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) tí mo gbé kalẹ̀ fún ẹbí mi ni áàpù tí a fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kọ̀ láti wọlé sí ní port 5222 (ẹnu ọ̀nà tí áàpù ń gbà wọ sáfà).

Mo ka log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí sáfà) ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Sáfà fi `<starttls>` (ìpè láti bẹ̀rẹ̀ TLS, ìyẹn ìbòrí tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà) lọ̀ ọ́, áàpù gbà, sáfà dáhùn `<proceed/>` (ó yá, máa bá a lọ). Kò sí wàhálà títí dé ibẹ̀. Ìgbà tí sáfà yọ ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ (èyí tó fi ń jẹ́rìí orúkọ ara rẹ̀) jáde ni áàpù já a sílẹ̀. chat.example.org ló wà lára ìwé-ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ example.org ló wà lẹ́yìn @ nínú àdírẹ́sì wa. Orúkọ ẹ̀yìn @ yẹn ni áàpù ń wò, kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ tí SRV (àkọsílẹ̀ tó ń sọ ẹ̀rọ tí áàpù máa kàn sí) júwe. Mo gba ìwé-ẹ̀rí tuntun tó ní orúkọ méjèèjì, mo tún sáfà tàn, ó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n jẹ́ kí áàpù máa wọlé láìsí TLS, ẹ má bínú, n kò ní ṣe é. Ẹni tó bá wà láàárín ọ̀nà lè yọ `<starttls>` dànù, kí ọ̀rọ̀ màmá mi wá máa lọ ní ìhòòhò. Mo ti ṣí port 5223 náà fún TLS tààrà (tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀). Ẹ lè ti ọ̀rọ̀ yìí pa.