Ilẹ̀ onílẹ̀ ni, àmọ́ ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń gba atẹ́gùn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ilẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa tó kún fún igi àti koríko. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń ṣeré, ibẹ̀ náà ni omi òjò ń rì sí. Ẹni tó ni ín ti wá tọrọ ìwé àṣẹ ìkọ́lé báyìí.

Kí n má parọ́, bó bá jẹ́ èmi ni mo fowó ra ilẹ̀, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ní kí n fi sílẹ̀ kí wọ́n lè máa rí ewé wò. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé, nínú àwòrán àdúgbò tí wọ́n fi hàn wá nígbà tí a ń ra ilé, àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn síbẹ̀. Ṣé àwòrán yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin, àbí ọ̀ṣọ́ lásán ni? Ṣé kí n tètè kọ̀wé àtakò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, àbí kí n kọ́kọ́ bẹ onílẹ̀ náà pé kó dá igi díẹ̀ sí? Ẹnìkan ní ká dáwó ra ilẹ̀ náà. Owó dà?

Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, báwo lẹ ṣe é?