Ta ló ti ṣiṣẹ́ ní láàbù ẹ̀dá inú òkun rí? Ọ̀gá ní kí n máa pe òun lórúkọ

Ọmọ Ẹlédé Ọjà Ọba

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìlọrin ni mo wà, ní Tánkẹ. Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mo kà, mo sì ti ṣe agùnbánirọ̀ tán. Láàbù kan létí òkun ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Washington, ti gbà mí fún másítà, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń retí mi. Àwọn ẹ̀dá òkun tí kò léegun ẹ̀yìn ni iṣẹ́ wọn: akàn, ìràwọ̀ òkun, jellyfish tí ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, àti sea urchin tí ẹ̀gún bo gbogbo ara rẹ̀ bíi òòrẹ̀.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fojú kan òkun láyé mi, l'Ékòó, nígbà tí a lọ ìgbéyàwó, omi náà ò sì kàn mí kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Edé gbígbẹ tí màmá mi ń tà ni mo mọ̀. Ìwé ò bà mí lẹ́rù tó bí ìṣe wọn níbẹ̀ ṣe bà mí lẹ́rù. Ọ̀gá náà kọ̀wé sí mi, ó ní kí n máa pe orúkọ òun lásán. Ẹni tó ju màmá mi lọ! Báwo ni mo ṣe fẹ́ là á lẹ́nu? Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Ṣé màá ráyè kírun? Ẹni tó bá ti débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Arábìnrin Etí Òkun

Àbúrò mi, o kú oríire. Ọmọ Ọ̀ffà ni mí. Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní irú láàbù bẹ́ẹ̀, létí òkun kan náà tí ò ń lọ yìí, èmi náà ò sì mọ òkun kí n tó débẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dójú tì mí. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé, mo bá abọ́ gíláàsì kéékèèké nínú síǹkì. O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ọmọ tó rí abọ́ nílẹ̀ nílé onílé tí kò fọ̀ ọ́, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Mo da ọṣẹ olómi sí i, mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, mo dojú wọn délẹ̀, inú mi ń dùn. Ọmọ láàbù kan bá kó ọmọ sea urchin tó ti ń tọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sínú wọn. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, gbogbo wọn ti rì sísàlẹ̀ bí eruku, ọ̀kan ò mira. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá fi lẹ́tà E tí wọ́n kọ sára abọ́ hàn mí. Abọ́ tó bá ní E, ọmọ inú ẹyin ló wà fún. Ọṣẹ kì í kàn án láéláé, formalin, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ẹran, kì í kàn án, omi nìkan ni wọ́n fi ń ṣan án. Ọṣẹ tójú wa ò rí lára gíláàsì ti tó pa ẹ̀dá tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Bí ọ̀gá ṣe wọlé, mo kúnlẹ̀. Obìnrin náà wò mí, òun náà kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo abẹ́ tábìlì kiri. Ó rò pé nǹkan mi ló já bọ́! Ó ń bi mí pé àwọ̀ wo ni. Nígbà tó yé e, kò pariwo. Ó ní kí n mú ìwé láàbù, kí n kọ ohun tí mo ṣe sí i, ọjọ́ àti aago, kí n fi orúkọ mi sí i. Àṣìṣe kì í dà wọ́n láàmú púpọ̀. Ká ṣe é ká dákẹ́ ni wọn kì í gbà. Ẹni tí mo pa ọmọ rẹ̀ jẹ, èmi àti ẹ̀ la jọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn lọ́jọ́ náà. Ó fún abo sea urchin kan lábẹ́rẹ́ potassium chloride, irú iyọ̀ kan, díẹ̀, ẹyin aláwọ̀ ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde lórí rẹ̀. Mo dojú kọ máíkírósíkóòpù. Kò ju ìṣẹ́jú kan tí àtọ̀ kan ẹyin, awọ kan gbéra kúrò lára ẹyin náà, ó yí i ká gbirigbiri. Nígbà tó tó bíi wákàtí méjì, ọ̀kan pín di méjì lójú mi. Oúnjẹ ọ̀sán mi tutù sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ: "Prọ́f" ni mo pè é fún odindi ọdún kan, ó sì ń dáhùn. Ọmọ Kòríà kan wà níbẹ̀ tí òun náà ò lè pè é lórúkọ, àwa méjèèjì la jọ ń sá fún un. Ọjọ́ tí orúkọ yẹn jáde lẹ́nu mi, orí àpáta la wà, ìgbì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò rí i. Tí mo bá ní kí n parí "ẹ jọ̀ọ́ mà, Prọ́f", omi ti gbé e. Mo ké orúkọ rẹ̀, mo sì fi apá méjèèjì dì í mú. Ìjàkadì ṣáà lorò Ọ̀ffà.

Ẹni tó yẹ kó o máa kí dáadáa ni ẹni tó ń bójú tó omi. Láti inú òkun ni ẹ̀rọ ti ń fa omi wá sínú àwọn táǹkì, tọ̀sán-tòru, tó bá dúró, òun ni wọ́n ń jí lóru. Òun ló rí òrùka bàbà ọwọ́ mi tó ní kí n bọ́ ọ kí n tó tọwọ́ bomi. Bàbà díẹ̀ nínú omi, ikú ni fún wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bàbà kan náà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ akàn àti ti octopus, ẹ̀dá òkun ọlọ́wọ́ mẹ́jọ, òun ló jẹ́ kó máa rí bí aró. Òrí tí màmá rẹ máa dì fún ọ, alẹ́ ni kó o máa fi pa ọwọ́, kó má bàa wọ omi wọn.

Ní ti ìrun, ọkàn rẹ balẹ̀. Oṣù ojú ọ̀run ni iṣẹ́ náà ń tẹ̀ lé. Tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tó bá di òṣùpá àrànmọ́jú, omi máa ń fà lọ jìnnà, àpáta á yọ síta fún ìwọ̀nba wákàtí. Ọmọ Ìlọrin tó ń bá bàbá rẹ̀ wá oṣù àwẹ̀ ti mọ ìdajì kàlẹ́ńdà wọn. Nígbà ooru, ojúmọmọ ni omi ń fà jù. Nígbà òtútù, ilẹ̀ á ti ṣú, tọ́ọ̀ṣì lórí, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀. Mo ti kí ìrun ìṣáì lórí àpáta rí, ọmọ Kòríà yẹn di báákẹ́ẹ̀tì mi mú, ó ń bá mi ṣọ́ ìgbì. Òkúta tó o bá yí wò, dá a padà bó o ṣe bá a. Ohun tó ń gbé abẹ́ rẹ̀, oòrùn á pa á.

Bàbá Láàbù

Mo ti lé lógún ọdún nídìí iṣẹ́ láàbù níbí n'Ílọrin. Ẹ̀dá òkun tiwa, inú ìgò ló wà. Ìràwọ̀ òkun kan wà lọ́dọ̀ wa tó dàgbà ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yà á lọ. Ìgbín kéékèèké tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá la máa ń lọ ṣà lódò, bàtà rọ́bà la sì ń wọ̀ lọ.

Arábìnrin, ẹ ṣeun, àmọ́ n ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn. Ẹni tó bá ṣe é fún mi, màá bi í nílé tó ti wá. Kó máa pe "Prọ́f" lọ, kò sẹ́ni tó máa lé e.

Ìwọ ọmọ, pẹ́ńsù ni kó o fi kọ orúkọ ẹ̀dá, ọjọ́ àti ibi tó o ti mú un, kó o sì ki bébà náà sínú ìgò pẹ̀lú rẹ̀. Báírò á ṣí nínú sípíríìtì, ìgò tí kò ní bébà ti di ẹran lásán. Tí wọ́n bá ní kó o pọnmi, pọn ọ́n. Létí òkun yẹn kan náà, ní ìlú Friday Harbor, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Japan kan, Osamu Shimomura, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀n kó jellyfish láti 1961, ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń bá a kó o. Nínú jellyfish yẹn ló ti rí èròjà tó ń tan iná àwọ̀ ewé, òun ló gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 2008, òun àtàwọn méjì mìíràn. Báákẹ́ẹ̀tì ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ẹlédé Ọjà Ọba

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún màmá mi ní ìsọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ yẹn títí oníbàárà fi lọ. Wọ́n ní kí n béèrè pé akàn tó pọ̀ tó báyìí, ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹ́ ni?

Arábìnrin Etí Òkun

Sọ fún wọn pé octopus ń jẹ ẹ́, ìwọ lo sì máa fún un. Má fi falẹ̀ o. Tí oúnjẹ bá pẹ́, omi ló máa ń tú síni lójú.