PowerStage 170 fún gìtá jùjú: ṣé ó tó?

Onígìtá Mọ́kọlá: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ámúpù oní-tube mi wúwo, ọlọ́kadà kì í fẹ́ gbé e. Mo yá PowerStage 170, ámúpù kékeré tí kò ní tube, mo so Helix (ẹ̀rọ tí ń fara wé ohùn ámúpù àti kábínẹ́ẹ̀tì) mọ́ ọn, mo wá so ó mọ́ kábínẹ́ẹ̀tì (àpótí sípíkà) 8 ohm (ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́wọ́). Ó fúyẹ́, ó dùn ún gbé, àmọ́ ohùn rẹ̀ dà bíi pé ó ń ti inú àgbá jáde. Kí ló fà á?

Bàbá Tẹnọ̀: Ṣé o ti pa cab, ìyẹn àfarawé kábínẹ́ẹ̀tì, inú Helix? Bí o kò bá pa á, kábínẹ́ẹ̀tì méjì lò ń gbọ́ lórí ara wọn.

Adé Bésì: Ẹ rántí o, orí 4 ohm ló ti ń gbé 170 wọ́ọ̀tì jáde. Lórí 8 kò lè tó bẹ́ẹ̀, pàápàá níbi tí gángan bá pọ̀.

Onígìtá Mọ́kọlá: Ẹ ṣé, bàbá. Ohùn ti là! Bọ̀dá Adé, ti 4 ohm dìgbà tí owó òde bá wọlé.