Fíìmù wo ni wọ́n fi bú yín rí nílùú òyìnbó?

Ọmọ Òkè-Àdó: Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi ti iléèwé dé lánàá, ní Manchester níbí, ó ní Wakanda, ìlú inú fíìmù Black Panther, ni wọ́n ń pe òun. Òun ń rẹ́rìn-ín, inú tèmi ò dùn sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, kí ni wọ́n pè yín?

Jagun Peckham: Wakanda kẹ̀? Ẹ lọ dúpẹ́. Wakanda lọ́ba, ó lówó, ó ní bàálù tiẹ̀. Kunta Kinte ni wọ́n pe tiwa, ẹrú inú fíìmù tẹlifíṣọ̀n Roots, tí wọ́n nà títí tó fi gbà pé Toby lorúkọ òun. Abẹ́òkúta la ti dé ní 1991. Tíṣà pe orúkọ mi ní kíláàsì, ó há a lọ́fun, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Títí táàmù fi parí, wọ́n á máa fi rúlà na tábìlì, wọ́n á ní kí n sọ pé Toby lorúkọ mi. Ọmọ Juffure ní Gambia ni Kunta Kinte o! Kí ló kan Ẹ̀gbá níbẹ̀? Òyìnbó kọ́ ló sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọmọ Jàmáíkà ni.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ Jàmáíkà! Ẹ ò purọ́.

Lánre Onítìjẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má di gbogbo ẹ̀ ru Jàmáíkà. Ṣé àwọn òbí wa fẹ́ ká bá wọn ṣeré ni? Màmá mi ò jẹ́ kí wọ́n wọlé wa.

Ará Houston: Níbí, Zamunda ni, láti inú fíìmù tí Eddie Murphy ṣe ní 1988. Mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé epo, bàbá kan bi mí bóyá a ní erin nílé. Mo ní méjì ni, èyí kékeré la fi ń lọ ọjà. Ó fún mi ní dọ́là márùn-ún kí n fi ra oúnjẹ fún wọn.

Ìyá Ìbejì: Irọ́ gbuu!

Ará Houston: Mo fi Ọlọ́run búra, mà.

Akọ̀wé Àgbà: Ẹ dákun, èdè Xhosa ti South Africa ni wọ́n ń sọ ní Wakanda. Ibi tí Nàìjíríà ti yọjú nínú fíìmù 2018 yẹn, igbó Sambisa ni, àwọn ajínigbé ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ló yẹ ká bínú sí.

Lánre Onítìjẹ́: Fíìmù tiwa ńkọ́? Ta ló máa ń ṣe máígádì níbẹ̀? Ṣebí Gàḿbàrí ni, táá máa ká ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu.

Akọ̀wé Àgbà: Ìyẹn eré lásán ni.

Jagun Peckham: Háà. Ohun táwọn tó ń na tábìlì náà sọ fún tíṣà nìyẹn.

Akọ̀wé Àgbà: Wọn ò jọra.

Lánre Onítìjẹ́: Níbo ni wọn ò ti jọra?

Ọmọ Òkè-Àdó: Ẹ ti gbàgbé ọmọ mi o. Ó ní kí n rán agbádá fóun báyìí, pé ọba Wakanda lòun máa ṣe lọ́jọ́ ayẹyẹ iléèwé.

Ìyá Ìbejì: Ẹ rán an. Houston, kí lo fi dọ́là yẹn rà?

Ará Houston: Súyà, mà. Erin ò jẹ ńbẹ̀.